À ń lọ sí Kauaʻi lóṣù kẹwàá: báwo la ṣe lè jẹ́ àlejò rere nílé onílé?

Ìyá Méjì, Houston

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Èmi àti baálé mi pé ogún ọdún tí a ti fẹ́ra lọ́dún yìí, a sì ti pinnu láti lọ lo ọjọ́ mẹ́jọ ní Kauaʻi, ọ̀kan nínú àwọn erékùṣù Hawaii. Àwọn ọmọ wa méjèèjì ń bá wa lọ, àti àbúrò mi obìnrin tó wà nínú oyún oṣù márùn-ún. Mi ò wá béèrè òtẹ́ẹ̀lì tàbí ibi tí fọ́tò ti ń dùn ún yà. Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn ni pé mo ka ohun tí ọmọ ibẹ̀ kan kọ. Ó ní àwọn àlejò ń wọ ilẹ̀ àwọn bí ẹni wọ ọjà, wọn kì í kí èèyàn, wọn kì í béèrè. Ó dùn mí, nítorí mo mọ bó ṣe máa ń rí lára tí ẹnì kan bá gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹni kọjá láì kágò. Ẹ̀yin tí ẹ ti débẹ̀, kí ni ká ṣe, kí ni ká má ṣe?

Nọ́ọ̀sì Honolulu Tẹ́lẹ̀

Ẹ kú ìmúra, Ìyá Méjì, ẹ sì kú oríire. Ọdún mẹ́rin ni mo fi ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Honolulu kí n tó kó wá sí Maryland, mo sì lọ sí Kauaʻi lẹ́ẹ̀mẹ́ta láàárín ìgbà yẹn.

Àgò tí ẹ dárúkọ yẹn gan-an ni ìpìlẹ̀ ọ̀rọ̀. Àwọn ọmọ onílẹ̀, Kānaka Maoli, ní irú rẹ̀. Bí ẹgbẹ́ oníjó hula bá dé ibi ọ̀wọ̀, ìta ni wọ́n á dúró sí, wọ́n á máa ké oli, ìyẹn ìpè tí wọ́n ń fi ohùn gígùn gbé, títí ẹni tó wà nínú yóò fi dá wọn lóhùn. Ó ṣojú mi rí nígbà tí àwọn ọmọdé bíi mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ń ké e nínú òjò winniwinni. Ìyá àgbà tó dúró lórí àtẹ̀gùn jẹ́ kí wọ́n ké e tán, ó dákẹ́ díẹ̀, kí ó tó gbé ohùn tirẹ̀ láti gbà wọ́n wọlé. Orí mi wú. Àgò onílé ni mo gbọ́.

Ọ̀rọ̀ kejì ni kapu. Èèwọ̀ ni. Bí ẹ bá rí i lára pátákó, ẹ má kọjá ibẹ̀, ìbáà jẹ́ pé fídíò kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní ọ̀nà wà níbẹ̀ lọ sí ibi tí omi ti ń dà láti orí àpáta. Ilẹ̀ ẹnìkan ni púpọ̀ nínú àwọn ibi wọ̀nyẹn, òmíràn sì jẹ́ ibi tí wọ́n sin òkú sí. Ní etí odò Wailua, ẹ máa rí àwọn heiau, ojúbọ tí wọ́n fi òkúta tò láyé àtijọ́, àti òkúta tí àwọn ìyá ọba ti ń bímọ sí. Ẹ má gun ògiri wọn, ẹ má to òkúta léra fún ẹ̀ṣọ́, ẹ má fi ewé di òkúta sílẹ̀ bí ẹ ṣe rí i tí àwọn àlejò mìíràn ṣe. Ẹbọ tí èèyàn kò mọ ìtumọ̀ rẹ̀, kì í ṣe òun ló yẹ kó rú u.

Bákan náà, kì í ṣe gbogbo ẹni tó ń gbé Hawaii ni wọ́n ń pè ní Hawaiian. Ọmọ onílẹ̀ nìkan ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí àwọn òbí rẹ̀ wá láti Japan tàbí Philippines láti ṣiṣẹ́ oko ìrèké yóò sọ fún yín pé òun kì í ṣe Hawaiian, bí wọ́n tilẹ̀ bí òun síbẹ̀.

Ẹ bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà kí ẹ tó wọ ilé ẹnikẹ́ni. Ìyẹn kò ní ṣòro fún yín.

Ọmọ Ẹ̀gbá, Atlanta

Ẹ jẹ́ kí n sọ àṣìṣe tí mo ṣe, kí ẹ má baà ṣe é. Ní Poʻipū, apá gúúsù erékùṣù náà, mo wọ òkun pẹ̀lú gíláàsì tí wọ́n fi ń wo abẹ́ omi. Nígbà tó rẹ̀ mí, mo fẹsẹ̀ lé ohun tí mo rò pé ó jẹ́ àpáta. Ìyá àgbàlagbà kan tó ń lúwẹ̀ẹ́ nítòsí wá bá mi. Kò jágbe mọ́ mi. Ó ní kí n ri ojú bọ omi kí n tún un wò. Ihò wẹ́wẹ́ ló kún un bí afárá oyin, ibi tí gìgísẹ̀ mi sì ti fara kàn án ti bó, ó funfun bí eyín. Ó ní, "Ó wà láàyè." Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó lúwẹ̀ẹ́ lọ.

Iyùn ni mo tẹ̀ yẹn. Àwa tí à ń fi iyùn sọ́rùn ọba, a mọ̀ ọ́n gẹ́gẹ́ bí ohun ẹ̀ṣọ́. Nínú òkun, ohun abẹ̀mí ni. Ọ̀pọ̀ irú rẹ̀ kì í dàgbà ju sẹ̀ǹtímítà kan sí méjì lọ́dún, ìṣísẹ̀ kan ṣoṣo sì lè ba iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọdún jẹ́. Orí yanrìn nìkan ni kí ẹ máa dúró sí. Bí ó bá rẹ̀ yín, ẹ dojú sókè kí omi gbé yín.

Ẹ wo ìpara oòrùn yín náà. Láti January 1, 2021 ni ìpínlẹ̀ Hawaii ti fòfin de títa èyí tó ní kẹ́míkà oxybenzone tàbí octinoxate láìsí ìwé dókítà, kó má baà ba iyùn jẹ́ ni. Ẹ ra èyí tó jẹ́ zinc oxide ni wọ́n fi ṣe é. Ó máa ń funfun lára àwa aláwọ̀ dúdú, nítorí náà aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́ ọlọ́wọ́ gígùn ni èmi ń wọ̀ báyìí, mo wá ń fi ìpara sí ojú àti ọrùn nìkan.

Ìyá Méjì, Houston

Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Ìpara méjì tí mo ti rà, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ wo ẹ̀yìn wọn ni. Octinoxate wà nínú ọ̀kan. Mo ti dá a padà. Ẹ jọ̀ọ́, àwọn ẹranko ńkọ́? Àbíkẹ́yìn mi fẹ́ràn ìjàpá òkun gan-an, ó ti ń sọ pé òun máa fọwọ́ kàn án.

Nọ́ọ̀sì Honolulu Tẹ́lẹ̀

Ẹ bá a sọ̀rọ̀ kí ẹ tó kúrò nílé. Honu ni wọ́n ń pe ìjàpá òkun, òfin ń dáàbò bò ó, àwọn ará ibẹ̀ sì kà á sí ẹni iyì. Mítà mẹ́ta ni kí ẹ fi jìnnà sí i, ó kéré tán. Ní ìrọ̀lẹ́ ní Poʻipū, wọ́n máa ń gòkè wá sínú yanrìn láti sùn, wọ́n pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ẹ jókòó lẹ́yìn okùn tí wọ́n bá fà, kí ẹ má tan iná fóònù. Bí ọmọ yín bá jókòó jẹ́ẹ́, á gbọ́ ìgbà tí wọ́n ń mí.

Ẹ lè rí ẹranko òkun ńlá kan tó sanra, tó dùbúlẹ̀ gbalaja bí ẹni tó ti kú. ʻĪlio-holo-i-ka-uaua ni, síìlì ilẹ̀ Hawaii. Nǹkan bí 1,600 ló kù lágbàáyé. Kò ṣàìsàn, ó ń sinmi ni. Ẹ má bu omi sí i, ẹ má tì í padà sínú òkun. Mítà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni kí ẹ fi jìnnà, bó bá sì jẹ́ abiyamọ pẹ̀lú ọmọ rẹ̀, mítà márùndínláàádọ́ta. Nēnē, ẹyẹ tó jọ pẹ́pẹ́yẹ tó lọ́rùn gígùn, ẹ má fún un lóúnjẹ rárá. Èyí tó bá ti mọ́ ọn lára láti máa gba búrẹ́dì ní etí títì ni mọ́tò ń pa.

Níwọ̀n bí nọ́ọ̀sì ni mí, mo gbọ́dọ̀ fi èyí kún un: ẹni tó bá ní egbò lára kó má wọ odò tàbí ẹrẹ̀ níbẹ̀. Àrùn leptospirosis wà nínú omi tí ìtọ̀ eku àti ẹlẹ́dẹ̀ ìgbẹ́ ti dà sí. Kí aboyún yín má tilẹ̀ wọ̀ ọ́ rárá.

Ọmọ Òṣogbo

Ẹ má bínú sí mi o, ìbéèrè kan ń jẹ mí lẹ́nu: ṣé ó yẹ kí ẹ lọ rárá ni? Ní January 17, 1893, àwọn oníṣòwò gba ìjọba lọ́wọ́ Ọbabìnrin Liliʻuokalani, àwọn sójà Amẹ́ríkà sì wà láàárín ìlú tí wọ́n fi ṣe é. Amẹ́ríkà gba ilẹ̀ náà pátá ní 1898, ó sì di ìpínlẹ̀ ní 1959. Ní 1993 ni ìjọba Amẹ́ríkà tó tọrọ àforíjì, láì dá ohunkóhun padà. Ìkànìyàn 2020 fi hàn pé ó ju ìdajì àwọn ọmọ onílẹ̀ tó wà ní Amẹ́ríkà tó ń gbé òde Hawaii báyìí. Ilé ti wọ́n jù fún wọn nílẹ̀ bàbá wọn. Ní ìlú tèmi, mo mọ iye ọ̀rá omi tí à ń ṣà ní etí odò lẹ́yìn ọdún Ọ̀ṣun, àlejò tó fẹ́ràn wa ló sì jù wọ́n síbẹ̀. Ìfẹ́ nìkan kò tó.

Nọ́ọ̀sì Honolulu Tẹ́lẹ̀

Ìbéèrè gidi ni, mi ò ní fọwọ́ rọ́ ọ tì. Àwọn kan níbẹ̀ ń sọ ọ́ gbangba pé kí àlejò má wá mọ́. Lẹ́yìn tí iná jó ìlú Lahaina ní erékùṣù Maui ní August 8, 2023, tí èèyàn 102 kú, tí àlejò sì ń lọ ya fọ́tò eérú, ohùn yẹn tún le sí i. Ṣùgbọ́n aládùúgbò mi, ọmọ onílẹ̀, òtẹ́ẹ̀lì ló ń bá ṣiṣẹ́, owó yẹn ló sì fi ń sanwó ilé. Òun kò ní kí ẹ má wá. Ohun tó ní kó yé àwọn àlejò ni pé ilé ẹnìkan ni wọ́n wà.

Èrò tèmi ni pé erékùṣù kan ṣoṣo, ọjọ́ púpọ̀, ló sàn ju mẹ́rin lọ́sẹ̀ kan. Ìyá Méjì ti ṣe ìyẹn. Erékùṣù Niʻihau tí ẹ máa rí lọ́ọ̀ọ́kán láti etíkun ìwọ̀-oòrùn, ẹ wò ó láti ibẹ̀ kó tó. Ìdílé kan ló ni ín láti 1864, àwọn ọmọ onílẹ̀ tó ń gbé ibẹ̀ ṣì ń sọ èdè wọn lójoojúmọ́.

Arìnrìn-àjò Ìjẹ̀bú

Lórí ọ̀rọ̀ ilé tó wọ́n yẹn, mo ní ẹ̀rí ọkàn kan láti sọ. Nígbà àkọ́kọ́ tí a lọ, ilé àdáni la gbà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àárín àdúgbò tí àwọn òṣìṣẹ́ ń gbé ló wà. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ọkùnrin ilé kejì kí wa dáadáa, ó wá sọ pé ìdílé tó ń gbé ibẹ̀ tẹ́lẹ̀, tí ọmọ wọn ń bá tòun ṣeré, ti kó lọ sí Las Vegas nígbà tí onílé fẹ́ sọ ọ́ di ilé àlejò. Kò bá wa jà. Àwọn ohun ìṣeré ọmọ ṣì wà lábẹ́ igi lẹ́yìnkùlé. A ò lè jẹun dáadáa lọ́jọ́ náà.

Ní Kauaʻi, agbègbè tí ìjọba yà sọ́tọ̀ fún àlejò wà, bíi Poʻipū àti Princeville. Ẹ dé sí ibẹ̀, kí ẹ sì wò ó bóyá nọ́ńbà owó orí wà lára ìpolówó ilé náà, òfin ló ní kó wà níbẹ̀. Láti January 1, 2026, wọ́n ti fi díẹ̀ kún owó orí tí àlejò ń san lórí yàrá, 0.75 nínú ọgọ́rùn-ún, fún ìtọ́jú ilẹ̀ àti òkun. Ẹ san án tayọ̀tayọ̀.

Ní ọ̀nà àríwá, lẹ́yìn ìlú Hanalei, àwọn afárá wà tí ojú ọ̀nà kan ṣoṣo ni mọ́tò tó ń lọ àti èyí tó ń bọ̀ jọ ń pín. Wọ́n máa ń jẹ́ kí mọ́tò márùn-ún sí méje kọjá láti apá kan, kí apá kejì tó gbà á. Ẹ dúró, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọjá, ẹ gbé ọwọ́ sókè kí ẹni tó bá dúró dè yín. Ẹ má fun fèrè, ìwà àrífín ni níbẹ̀.

Ìparí ọ̀nà yẹn ni Hāʻena, ọgbà ìpínlẹ̀ tó wà létí òkun. Ní April 2018, òjò rọ̀ ní Waipā nítòsí ibẹ̀ tó kọjá 1,260 mìlímítà láàárín wákàtí mẹ́rìnlélógún. Ilẹ̀ ya, ọ̀nà dí, ó sì di June 2019 kí wọ́n tó ṣí i padà fún àlejò. Kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀, ó lé ní ẹgbàá èèyàn tó ń ya wọ ibẹ̀ lóòjọ́, mọ́tò wọn á dí ẹnu ọ̀nà àwọn onílé. Nígbà tí wọ́n ṣí i, wọ́n fi í mọ sí 900 lọ́jọ́ kan. Àwọn ará abúlé, ẹgbẹ́ Hui Makaʻāinana o Makana, wà lára àwọn tó ń tọ́jú ibẹ̀, wọ́n ti tún oko kalo, ìyẹn kókò, ibẹ̀ gbìn. Ẹ gbọ́dọ̀ gba àyè sílẹ̀. Ọgbọ̀n ọjọ́ ṣáájú ni wọ́n ń ṣí i, ní aago méjìlá òru gangan ti Hawaii, aago márùn-ún ìdájí sì ni ìyẹn ní Houston lóṣù kẹwàá. Ẹ gba bọ́ọ̀sì, ẹ fi mọ́tò sílẹ̀.

Bí ẹ bá gba ọ̀nà orí òkè débi odò Hanakāpīʻai, tí ẹ sì rí i pé omi ti pọ́n tàbí pé ó ń kún, ẹ padà. Ẹ má ka owó tí ẹ ti san sí. Òṣìṣẹ́ tó máa fẹ̀mí ara rẹ̀ wewu láti yọ yín, ó ní ọmọ nílé.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ewéko, Mānoa

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Ìmọ̀ nípa ewéko ni mò ń kọ́ níbí, nítorí náà ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara dà mí.

Ìyá Méjì, ẹ máa rí pápá títẹ́jú tí omi dúró sí ní àfonífojì Hanalei, tí ewé gbígbòòrò kún inú rẹ̀. Bí ẹ bá ti dàgbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ oko kókò, ẹ máa dá a mọ̀ kíákíá. Kalo ni, kókò ni. Ìtàn wọn ni pé Wākea àti Hoʻohōkūkalani bí ọmọ kan, ó kú. Wọ́n sin ín sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, ibẹ̀ ni kalo àkọ́kọ́ ti hù. Ọmọ kejì tí wọ́n bí, Hāloa, ni baba ńlá àwọn èèyàn. Ẹ̀gbọ́n wọn ni kalo jẹ́. Ìdí nìyí tí ó fi ń dùn wọ́n bí àlejò bá bọ́ sí orí ebè oko láti ya fọ́tò. Wọ́n máa ń gún un di poi, wọ́n sì ní nígbà tí igbá poi bá ti ṣí sílẹ̀, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ bínú sọ̀rọ̀ nídìí rẹ̀, torí ẹ̀gbọ́n wà níjókòó. Mi ò tíì rí àṣà oúnjẹ tó wọ̀ mí lára tó bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ wo oko yìí lọ́nà tó tọ́, ẹ sanwó wọ ọgbà Limahuli ní Hāʻena, wọ́n á sọ ìtàn rẹ̀ fún yín.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù ni bàtà yín. Igi kan wà tí wọ́n ń pè ní ʻōhiʻa lehua, òdòdó rẹ̀ pupa fòò, òun ló pọ̀ jù nínú igbó àbáláyé wọn. Igbó yẹn ló ń gba òjò dúró tí omi fi ń wà nínú ilẹ̀. Àrùn kan, èbu (fúngọ́ọ̀sì) kan tó ń wọ igi náà láti ojú egbò, ń pa á. Ní 2018 ni wọ́n rí i ní Kauaʻi. Ẹrẹ̀ tó lẹ̀ mọ́ bàtà lè gbé e láti igbó kan sí òmíràn. Kí ẹ tó gun òkè ní Kōkeʻe, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì ha ìsàlẹ̀ bàtà títí gbogbo ilẹ̀ fi bọ́ kúrò, kí ẹ wá fọ́n sìpírítì tó lágbára tó 70 nínú ọgọ́rùn-ún sí i. Ní ẹnu ọ̀nà igbó mìíràn, búrọ́ọ̀ṣì àti ìgò sìpírítì ti wà nílẹ̀. Ẹ ṣe é nígbà tí ẹ bá jáde pẹ̀lú. Ẹ má ya ẹ̀ka igi yẹn, ẹ má já òdòdó rẹ̀.

Nínú ọkọ̀ òfúrufú, wọ́n máa bi yín bóyá ẹ gbé ewéko, èso tútù tàbí ẹranko. Ẹ sọ òótọ́. Ẹ má gbé iṣu, ata tútù tàbí ewé ẹ̀fọ́ lọ.

Ohun kékeré kan tó kù: ẹ gbìyànjú láti pe orúkọ wọn dáadáa. Lānaʻi, erékùṣù ni. Lānai, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni. Àwa tí àmì ohùn kan lè sọ ọ̀rọ̀ wa di nǹkan mìíràn, ó yẹ ká mọ iyì rẹ̀. Láti 1896 ni wọ́n ti lé èdè náà kúrò gẹ́gẹ́ bí èdè ìkẹ́kọ̀ọ́ nílé ìwé, àfi ìgbà tó di 1978 kó tó di èdè ìjọba. Àwa tí wọ́n nà nílé ìwé torí pé a sọ Yorùbá, a mọ bó ṣe ń ta èèyàn.

Bàbá Peckham

Ẹ kú àpérò, ẹ̀yin ọmọ mi. Ọmọbìnrin mi ló ṣe ìgbéyàwó ní Kauaʻi lóṣù kẹwàá kan, mo sì fẹ́ sọ nípa ẹyẹ, torí pé oṣù yẹn gan-an lẹ ń lọ.

Ẹyẹ òkun kan wà tí wọ́n ń pè ní ʻaʻo. Inú ihò lórí òkè gíga ló ń bí ọmọ sí. Láàárín oṣù kẹsàn-án sí ìkejìlá, ọmọ rẹ̀ á fò jáde lóru fún ìgbà àkọ́kọ́, ìmọ́lẹ̀ òṣùpá àti ìràwọ̀ lórí òkun ni yóò máa tẹ̀ lé. Iná mànàmáná ń tàn án jẹ. Á máa yí iná po títí á fi rẹ̀ ẹ́ já bọ́, kò sì ní lè gbéra nílẹ̀ títẹ́jú mọ́, mọ́tò tàbí ológbò á pa á.

Ní nǹkan bí aago mẹ́wàá alẹ́, mo rí ọ̀kan lábẹ́ mọ́tò ní òtẹ́ẹ̀lì wa. Dúdú ni lẹ́yìn, àyà rẹ̀ funfun, ó ń gbọ̀n. Òṣìṣẹ́ kan fún mi ní páálí àti tówẹ́ẹ̀lì, ó ní kí n da tówẹ́ẹ̀lì bò ó, kí n gbá ìyẹ́ rẹ̀ mọ́ ara, kí n má fún un lómi, kí n má fún un lóúnjẹ, kí n má jù ú sókè. A gbé e lọ sí ilé iṣẹ́ panápaná, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gba irú ẹyẹ bẹ́ẹ̀ fún ẹgbẹ́ Save Our Shearwaters, tí wọ́n ti ń ṣe iṣẹ́ yìí láti 1979. Mo ń gbọ́ bí àyà rẹ̀ ṣe ń lù kìkì lára páálí ní itan mi títí a fi débẹ̀. Ẹ pa iná ọ̀dẹ̀dẹ̀ yàrá yín lálẹ́, ẹ sì fa kọ́tìnì. Kò ju ìyẹn lọ, ṣùgbọ́n ẹ ṣe é lálaalẹ́.

Ìyá Méjì, Houston

Ẹ ṣeun, bàbá. Mo ka tiyín fún àwọn ọmọ, àbíkẹ́yìn ní òun ni yóò máa pa iná. Ìbéèrè kan ló kù. Bí wọ́n bá fún wa ní lei, ẹ̀gbà òdòdó yẹn, báwo la ṣe ń gbà á?

Nọ́ọ̀sì Honolulu Tẹ́lẹ̀

Ẹ tẹrí ba díẹ̀, kí wọ́n fi sí yín lọ́rùn. Ẹ má kọ̀ ọ́, ẹ má sì bọ́ ọ lójú ẹni tó fún yín. Bó bá rọ, ẹ má jù ú sínú ìdọ̀tí. Ẹ tú okùn rẹ̀, kí ẹ da òdòdó padà sórí ilẹ̀, okùn ni kí ẹ mú lọ, torí ó ń lọ́ mọ́ ẹyẹ àti ìjàpá.

Àbúrò yín tó lóyún ni kí ẹ fiyè sí. Àwọn àgbà wọn kì í fi lei tó yí po mọ́ra sọ́rùn aboyún, wọ́n ní ìwọ́ lè yí ọmọ lọ́rùn. Èyí tí ẹnu rẹ̀ ṣí ni wọ́n ń fún un. Bí ìyá wa ṣe ń ní kí aboyún fi abẹ́rẹ́ há aṣọ kó tó jáde lọ́sàn-án gangan, ni kí ẹ fi wò ó. Ẹ sọ fún ẹni tó fẹ́ fún un pé ó lóyún, yóò yé e.

Ìyá Méjì, Houston

Mo ṣe ìdájí lónìí, aago márùn-ún géérégé. Mo rí àyè márùn-ún gbà ní Hāʻena, pẹ̀lú bọ́ọ̀sì. A ti fagi lé hẹlikópítà tí baálé mi fẹ́, òun fúnra rẹ̀ ló sọ pé ariwo rẹ̀ á kọjá lórí ilé àwọn èèyàn. Mo ti ra búrọ́ọ̀ṣì méjì àti sìpírítì. Àbúrò mi ní kí n bi yín bóyá a lè gbé ṣinṣín tí a dì sínú ike lọ fún àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní oko kalo.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ewéko, Mānoa

Ẹ gbé e lọ, ma. Oúnjẹ díndín gbígbẹ kò ní wàhálà. Ẹ fi púpọ̀ sí i, wọ́n máa ń pín nǹkan ni níbẹ̀.